Ẹni Tó Ń Wọṣọ fún Wúńdíá

Ní ìlú Santa Inés, ọkùnrin kankan ò mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ Màríà Wúńdíá, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ bèèrè. Ojú ère náà àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo ayé ń rí. Ìyókù, aṣọ ni: aṣọ funfun lábẹ́, léèsì lórí rẹ̀, àti àwọ̀lékè búlúù ńlá tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wọṣọ fún un nìkan ló mọ̀ pé kò sí ara níbẹ̀ rárá, pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn pọ̀ bí àgò adìẹ ló gbé orí arẹwà yẹn dúró. Àwọn náà kì í sọ ọ́. Bí ìyá bá ń fi iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, á di ọwọ́ ọmọ mú, á mú un lọ síbẹ̀, kò ní la ẹnu. Ojú wọn á wà nílẹ̀, ẹnu wọn á wà lórí Rósárì, ọwọ́ nìkan ni yóò máa ríran.

Eduviges Matías ni ọwọ́ rẹ̀ ríran jù nínú gbogbo wọn. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ìyá rẹ̀ ṣe é, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ní ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì tí òjò ń rọ̀ tí àgbàdo ti yọmọ. Ọjọ́ yòókù nínú ọdún, ẹní imọ̀ ọ̀pẹ ló ń hun tà nínú ilé rẹ̀ lórí òkè. Opó ni. Macario ọkọ rẹ̀ re olú-ìlú lọ ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́, ó já láti orí àkàbà, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wálé. Wọn ò bímọ. Nicolasa, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, ló ń bá a gbé.

Ẹ má rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ bí òwú ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Eduviges lè bú èèyàn láàárọ̀ kí onítọ̀hún máa rántí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kọ́tìnì, níwájú Wúńdíá, ó máa ń di ọmọdé. Ohun kan sì wà tó ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí àwọ̀lékè Wúńdíá bá gbó, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á gé e, obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń wọṣọ fún un á ní èkìrí tirẹ̀ nínú àpótí tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Lọ́jọ́ tó bá kú, òun ni wọn yóò fi bo ojú rẹ̀ nínú pósí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bo ojú ìyá rẹ̀.

“Ojú ìyá mi ti fọ́ kó tó kú,” ó máa ń sọ fún Nicolasa. “Bí mo bá dé ọ̀run, aṣọ yẹn ni yóò fọwọ́ pa tí yóò fi mọ̀ pé èmi ni.”

Nicolasa á rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé Eduviges ò ṣàwàdà.

Wàhálà dé ní ọdún tí Dóńà Amparo ta Wúńdíá lọ́rẹ. Dóńà Amparo ni ìyàwó Don Fidencio, Don Fidencio ló sì ni ẹ̀rọ tí gbogbo Santa Inés fi ń lọ àgbàdo fún tọ́tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Òun ló ni ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo lọ sọ́jà, òun ló tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, kó yáa kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ àgbàdo tí wọn ò lọ̀. Àìsàn ńlá ṣe ìyàwó rẹ̀, ó sì sàn. Ni obìnrin náà bá ra ọkàn wúrà kékeré kan tó ní ẹ̀wọ̀n, ó ní kí Wúńdíá máa fi ṣọ̀ṣọ́ sí àyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọṣọ, obìnrin méjì di kọ́tìnì mú, wọ́n kẹ̀yìn sí pẹpẹ bí àṣà. Eduviges àti Hermelinda ló wà nínú. Hermelinda kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n komadre ni wọ́n ń pe ara wọn, torí Eduviges ni ìyá ìsàmì fún àkọ́bí Hermelinda, ọmọ náà sì ti so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Eduviges fi ọkàn wúrà náà kọ́ ọrùn Wúńdíá, ó gbé àwọ̀lékè lé e, ó ń fi pínnì dè é.

“Komadre, pínnì tó wà nínú àwo ti tán o,” Hermelinda sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Eduviges ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó mú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n parí iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Wúńdíá jáde. Agogo ń lù, ìbọn ọdún ń dún, Dóńà Amparo wà níwájú pátápátá, ó gbójú sókè láti wo ẹ̀bùn rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Igbe tó ké, àwọn tó ń lu ìlù ò lù mọ́.

Wọ́n kó jọ sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ: Fadá Anselmo, Don Fidencio, àwọn àgbà ọkùnrin ìlú, àti Eduviges láàárín wọn.

“Ìyá, níbo lẹ gbé e sí?” Don Fidencio bèèrè.

“Ọrùn rẹ̀ ni mo fi kọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ọ.”

“Ṣé ẹ rí i lójú pé ó dúró síbẹ̀?”

Eduviges wo ọwọ́ rẹ̀. Báwo ló ṣe máa rí i? Ta ló ń wojú Wúńdíá nígbà tó wà láìwọṣọ tán? “Ẹni tó ń wọṣọ fún un kì í wò ó, Don Fidencio. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.”

“Ẹ gbọ́ o! Kò rí i! Ó fi kọ́ ọ, kò rí i!”

“Fadá,” Eduviges yíjú sí àlùfáà, “ó lè ti já bọ́ sínú aṣọ. Ẹ jẹ́ kí àwa obìnrin pa kọ́tìnì dé, ká tú aṣọ rẹ̀ wò. Kò ní pẹ́.”

Baba Tiburcio tó dàgbà jù níbẹ̀ na ọ̀pá sókè. “Kí wọ́n bọ́ aṣọ lára Ìyá Ọlọ́run lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀? Ẹ ti gbàgbé yìnyín tó rọ̀ nígbà ayé bàbá mi? Àgbàdo ìlú yìí tẹ́ pẹrẹsẹ! Rárá o. Ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Gbogbo wọn ní rárá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa àgò igi ti dé ètè Eduviges. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé àlàfo wà níbẹ̀, pé nǹkan kékeré lè bọ́ sáàárín igi kó sì há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló kún yàrá náà. Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ fún ọkùnrin kankan títí ó fi kú, bàbá tó bí Eduviges pàápàá ò gbọ́ ọ. Ó gbé e mì.

Ni wọ́n bá pe Hermelinda. Wọ́n mú un dé ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, wọ́n ní kó gbé ọwọ́ lé e, kó búra. Eleuterio ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo Don Fidencio, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ló máa ń wà ní bẹ́líìtì rẹ̀. Don Fidencio ò halẹ̀ mọ́ ọn o. Ó kàn wò ó ni.

“Hermelinda, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí lo rí?”

“Mo rí i... Mo rí i tí ọwọ́ wọn lọ sínú àpò.”

“Lẹ́yìn tí ọkàn wúrà ti dé ọwọ́ wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ìyẹn.”

“Kí ni wọ́n fi sínú àpò?”

“Mi ò mọ̀. Ọwọ́ tó lọ sínú àpò ni mo rí.”

“Komadre!” Eduviges pariwo. “Pínnì ni mo mú! Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé pínnì ti tán! Sọ fún wọn!”

Hermelinda wo ilẹ̀. Ẹni a ní kó báni fẹ́ ojú, ata ló fi sẹ́nu. Irọ́ kọ́ ni gbólóhùn tó sọ, òótọ́ ni ọwọ́ lọ sínú àpò, ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n gé orí rẹ̀ sọ nù, kí la tún ń pè é bí kò ṣe èké?

Wọn ò fi ọlọ́pàá mú un. Don Fidencio ní òun dárí jì í nítorí Ọlọ́run, ìyẹn ló sì burú jù, nítorí ẹni tí wọ́n dárí jì ti di olè nìyẹn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé Hermelinda lọ́wọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àpótí. Èkìrí aṣọ rẹ̀ inú àpótí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Fadá Anselmo sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n òrùlé tuntun wà lórí rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó kàn án. “Ìyá, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run ń rí wa. Jésù Olúwa wa náà, wọ́n jẹ́rìí èké mọ́ ọn.”

“Mo mọ̀, Fadá,” Eduviges fèsì. “Ọjọ́ kẹta ló jí dìde. Èmi, wọ́n ní kí n dúró fún ọdún kan.”

Ó rọrùn kí ẹni tó ti yó máa sọ fún ẹni tébi ń pa pé Ọlọ́run ló ń bọ́ ẹyẹ. Èmi ò sọ pé irọ́ ni. Ó kàn dùn ún láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni yẹn lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún náà gùn. Ní ibi omi ẹ̀rọ, àwọn obìnrin á fa garawa wọn sẹ́yìn bó bá dé. Ẹní rẹ̀ ò tà mọ́, àfi bí Nicolasa bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Tọkọtaya kan tó ti bẹ̀ ẹ́ kó ṣe ìyá ìsàmì ọmọ wọn ránṣẹ́ pé ẹlòmíràn ti gbà á. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tó bá jókòó sí, ààyè á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ó dáa, wúrà tí kò jí ti gba orúkọ rere lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń bá Wúńdíá jà. Bí kò bá sẹ́nì kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa wò ó báyìí, torí ó ti wọṣọ tán.

“Ìyá mi, ara yín ló wà. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀. Ṣé mo gún yín ní pínnì rí? Ṣé ọwọ́ mi tutù jù sí yín lára ni? Ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ mi ara yín díẹ̀ kó já bọ́.”

Wúńdíá ò mira. Eduviges á sunkún, á nu imú, á sì bẹ̀rẹ̀ Rósárì, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe. Kò lágbára, kò ní ọkùnrin tó lè gbèjà rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi borí ìbúra orí pẹpẹ. Ọlọ́run nìkan ló kù, Ọlọ́run náà ò sì dáhùn. Síbẹ̀ ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ti láti inú: “Olúwa, ọwọ́ yín ni mo wà.” Ọjọ́ mìíràn, ó gbà á gbọ́. Ọjọ́ mìíràn, ẹnu nìkan ló fi ń sọ ọ́.

Àárín ọdún yẹn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú lábẹ́ ìhà rẹ̀. Dókítà ní kó lọ sí olú-ìlú. Kò lọ. “Mo fẹ́ wà nílé lóṣù Ògọ́ọ̀sì,” ló sọ fún Nicolasa. Gbogbo ìrètí rẹ̀ ló ti so mọ́ ọjọ́ tí wọn yóò tún bọ́ aṣọ Wúńdíá.

Ọjọ́ náà pé. Eduviges ti rù, ó fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Hermelinda àti obìnrin kan wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, àwọn méjì mìíràn dì í mú. Eduviges di ojú. Kò nílò láti rí wọn. Ó ń gbọ́ pínnì bó ṣe ń bọ́ sínú àwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ àwọ̀lékè bó ṣe ń wọ́lẹ̀, ó gbọ́ léèsì.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe pínnì. Ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín ni, ó ń fara ha igi gbígbẹ, ó sì dúró kọ́ọ́.

Rósárì tí wọ́n ń kà lẹ́yìn kọ́tìnì dá dúró láàárín gbólóhùn. Eduviges di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó ti la ojú rẹ̀. Ó ń retí kí kọ́tìnì ṣí, kí Hermelinda kígbe orúkọ rẹ̀. Rósárì tún bẹ̀rẹ̀, ohùn Hermelinda nìkan, ó yára, ó gbẹ.

Nígbà tí kọ́tìnì ṣí, Wúńdíá ti wọṣọ ọdún. Don Fidencio dìde.

“Ẹ rí i?”

Ojú Hermelinda ti funfun bí eérú. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Obìnrin kejì ò sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí ló fẹ́ rí? Àwọn èèyàn yíjú wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ẹnì kan pòṣé. “Ìyá àgbà yìí ò tiẹ̀ lójútì. Ó tún wá jókòó!”

Eduviges la ẹnu. Ta ló máa gbà á gbọ́? Olè ní òun gbọ́ ìró wúrà! Wọn ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésìmesì. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gun òkè lọ. Kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sórí ẹní tí kò hun tán, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Eduviges ò ní ogún ọdún. Òtítọ́ tiẹ̀ ti lé e bá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tún fi aṣọ bò ó.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú síta. Nicolasa ti lọ ta ẹní. Hermelinda wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó rin gbindin, ó di nǹkan mọ́ àyà lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi tó ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀.

“Komadre, ẹ dárí jì mí.”

“Ó há sáàárín igi,” Eduviges sọ. Kò bèèrè.

“Ẹ̀gbẹ́ òsì, nísàlẹ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mo gbọ́ ọ.”

Hermelinda bú sẹ́kún. “Ẹ̀rù ló bà mí! Mo ti fi ọwọ́ lé pẹpẹ lọ́dún tó kọjá. Bí mo bá gbé e jáde, wọ́n á ní mo búra èké. Eleuterio á pàdánù iṣẹ́. Ọmọ márùn-ún, komadre! Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìsàmì yín ni! Mo dá a padà síbi tó wà. Mo so ó mọ́ igi.” Ó ṣí ìborùn rẹ̀. Èkìrí aṣọ búlúù ni, ó ti ṣá díẹ̀ létí. “Mo mú tiyín wá. Ẹ gbà á. Ẹ fi pa mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Nicolasa lè fi bò yín lójú lẹ́yìn...”

Kò parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ lẹ́yìn kí ni.

Ọwọ́ Eduviges na jáde fúnra rẹ̀, ó kan aṣọ náà. Ó tutù, ó ń rùn tùràrí. Ó rántí ojú ìyá rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù ú tó. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Gbé e lọ.”

“Komadre, ẹ jọ̀ọ́...”

“Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, ìwọ wá gbé e fún mi lábẹ́ òjò? Kí n fi aṣọ tí wọ́n jí gbé bojú lọ bá ìyá mi? Nígbà náà ni mo tó wá di olè, Hermelinda. Bó bá jẹ́ tèmi, gbé e wá nígbà tí oòrùn ń ràn.”

“Mi ò lè ṣe é.”

“Lọ bá Fadá. Lọ jẹ́wọ́ fún un. Èmi kọ́ ni mo lè tú ọ sílẹ̀.”

“Ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?”

Eduviges rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò. “Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ìwọ lo ti rí sí ìyẹn. Dìde, òtútù á mú ọ.”

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn èèyàn tò láti gba Kọmúníọ̀n, Hermelinda jókòó sí àyè rẹ̀. Kò dìde. Eduviges rí i, ó sì mọ̀ pé ó ti lọ jẹ́wọ́. Ohun tí èèyàn bá fi ẹnu bà jẹ́, ẹnu náà ni yóò fi tún un ṣe. Fadá kankan ò lè tú u sílẹ̀ bó bá kọ̀ láti dá orúkọ tó jí padà.

Nígbà tó kan Eduviges, Fadá Anselmo gbé Ara Krístì sókè níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbé e sókè fún gbogbo èèyàn. Ó sọ ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn. Ojú rẹ̀ ò yí padà, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó ti mọ̀, Eduviges mọ̀ pé ó ti mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àlùfáà bá gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́ ti wọ inú ibojì. Kò lè sọ ọ́ lórí pẹpẹ, kò lè sọ ọ́ fún Don Fidencio, kò tiẹ̀ lè ní kí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eduviges sún mọ́ ọn díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á, kò lè sọ ọ́. Ẹni mẹ́ta ló wá mọ òtítọ́ ní Santa Inés báyìí, kò sì yí nǹkan kan padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá, àánú Fadá ṣe é.

Ìbínú mú un náà o. Ó bá a jí, ó bá a sùn. Lọ́jọ́ kan níbi omi ẹ̀rọ, ó ti la ẹnu láti sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín...” Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé, “Ẹ pa àpò yín dé ná, Ìyá, ká lè ráyè gbọ́ yín.” Ẹ̀rín ta. Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí kò fi lè sọ̀kalẹ̀ òkè mọ́. Ìhà rẹ̀ wú, oúnjẹ ò dúró níkùn rẹ̀. Fadá ń gbé Kọmúníọ̀n wá fún un nílé, wọn kì í sọ ju àdúrà lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bó ṣe fẹ́ jáde, Eduviges ní, “Fadá, ẹ máa gbàdúrà fún ẹni tí kò lè gba Olúwa.” Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì lọ.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Nicolasa máa ń lọ sí Mísà, bó bá sì padà dé, ìbéèrè kan náà ló ń bá pàdé.

“Ṣé Hermelinda gba Kọmúníọ̀n?”

“Rárá, Màmá. Ó jókòó.”

“Ó dáa.”

“Kí ló kàn yín nípa ẹni tó bà yín jẹ́? Bó bá wù ú, kó má gbà á títí láé! Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́, wọ́n ní bóyá ó ti ń yan àlè.”

“Pa ẹnu rẹ dé. Ka Rósárì.”

Oṣù ń gorí oṣù. Wọ́n kórè àgbàdo, ọjọ́ àwọn Òkú kọjá, wọ́n gbé òdòdó ofeefee lọ sí itẹ́ òkú, Nicolasa gbé ti ìyá Eduviges lọ. Rárá, Màmá. Ó jókòó. Kérésìmesì kọjá. Ó jókòó. Eduviges bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé òun á kú kí òun tó gbọ́ ìdáhùn mìíràn. Kò dùn mọ́ ọn. Kò sọ fún ara rẹ̀ pé ó dùn mọ́ òun. Ó sunkún, ó ní, “Olúwa, mo ti fi lé yín lọ́wọ́, ẹ wá mú un dání láìṣe nǹkan kan.” Lẹ́yìn náà ó tún fi lé e lọ́wọ́, torí ibòmíràn ò sí tó lè gbé e sí.

Ọjọ́ Àìkú kan kí Ààwẹ̀ tó wọlé, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ rárá. Nicolasa ò lọ sí Mísà, ó jókòó tì í, ó ń fi òwú tó tutù nu ètè rẹ̀. Oòrùn ti gun orí. Agogo ìparí Mísà ti dún, àwọn èèyàn ti yẹ kí wọ́n fọ́n ká lọ jẹun, ṣùgbọ́n ariwo kan ń gòkè bọ̀.

Nicolasa lọ sí ẹnu ọ̀nà. “Hermelinda ni. Òun nìkan. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ nǹkan kan lé e.” Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. “Màmá, aṣọ Wúńdíá ni!”

“Ṣí ilẹ̀kùn gbayawu,” Eduviges sọ.

Ọ̀nà òkè kọjá níwájú ilé ẹ̀rọ Don Fidencio, ohùn sì máa ń gòkè dáadáa lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dúró. Wọ́n gbọ́ obìnrin kan tó kígbe láti ẹnu ilé rẹ̀.

“Hermelinda! Àwọ̀lékè Ìyá wa rèé! Ibo lo ń gbé e lọ?”

“Mò ń gbé e fún ẹni tó ni ín.”

“Ta ló ni ín?”

“Eduviges Matías. Wọn ò jalè. Pínnì ni wọ́n mú. Èmi ni mo búra èké.”

Ilé kejì bèèrè, ó tún un sọ. Ilé kẹta bèèrè, ó tún un sọ, kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ilé ẹ̀rọ, ohùn Don Fidencio bú jáde.

“Obìnrin, ṣé orí rẹ ti yí ni? Ibo ni ọkàn wúrà wà?”

“Ara Wúńdíá ló wà, Don Fidencio. Kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó dọjọ́ ọdún kẹ́ ẹ tó rí i.”

“Ṣé Eleuterio gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ìyàwó rẹ̀?”

“Wọ́n gbọ́. Mo sọ fún wọn láàárọ̀ yìí. Kọ́kọ́rọ́ yín wà lórí tábìlì wa, ẹ rán èèyàn wá mú un.”

Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i lẹ́yìn Hermelinda, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo. Nicolasa ti di àtẹ́rígbà mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó yíjú padà.

“Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?”

Omijé ń ṣàn lọ sí etí Eduviges. Ó gbìyànjú láti gbé ara rẹ̀ sókè lórí ẹní, kò lè gbé e. Ó sùn padà, ó ń mí hẹlẹ.

“Mo gbọ́,” ó ní. “Gbé kọfí kaná. Kí o sì fi tọ́tíyà sórí iná. Obìnrin yẹn ò tíì gba Olúwa láti oṣù Ògọ́ọ̀sì, ebi á ti pa á.”